Láísẹ́ǹsì dietitian kì í bá èèyàn kó lọ sí ìpínlẹ̀ míì

Àbúrò mi, o ní dietitian, onímọ̀ nípa oúnjẹ aláìsàn, ni ọ́ ní Maryland, iṣẹ́ ọkọ rẹ sì ń gbé yín lọ sí Houston. O fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń gbé láísẹ́ǹsì kọjá sí Texas, àti bóyá o lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí tibẹ̀ tó jáde. Ọ̀nà yẹn gan-an lèmi náà gbà. Ilé ìtọ́jú kíndìnrín ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Maryland, òun náà ni mo ṣì ń ṣe níbí ní Texas.

Kò sí pé à ń gbé e kọjá rárá. Ti Maryland á dúró sí Maryland, tuntun lo máa gbà ní Texas, pẹ̀lú fọ́ọ̀mù tuntun àti owó tuntun. RD rẹ, ìyẹn oyè Registered Dietitian, nìkan ló ń bá ọ lọ síbi gbogbo, nítorí CDR, àjọ tó ń forúkọ àwa dietitian sílẹ̀ ní gbogbo Amẹ́ríkà, ló fún ọ, CDR kì í sì í ṣe ti ìpínlẹ̀ kankan. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa ń da RD àti láísẹ́ǹsì pọ̀ títí di ọjọ́ tí wọ́n bá ń kó ẹrù.

Nítorí náà, kí o tó ṣí fọ́ọ̀mù Texas, wọ àkáǹtì rẹ lọ́dọ̀ CDR. Wò ó bóyá owó ọdún yìí ti wọlé, bóyá ẹ̀kọ́ tí o ń kà kún un ń lọ déédéé, torí yúníìtì ẹ̀kọ́ 75 ni wọ́n ń béèrè láàárín ọdún márùn-ún. Bí RD bá ti já, ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ dúró sí. Bó bá ṣì wà láàyè, o ò ní jókòó ṣe ìdánwò kankan lọ́dọ̀ CDR mọ́. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ master's já ọ láyà lórí WhatsApp: òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2024 yẹn, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ jókòó ṣe ìdánwò ló kàn.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ló máa ń dá àwa tiwa dúró jù. Orúkọ bàbá mi ló wà lórí RD, orúkọ ọkọ mi ló wà lórí ti Maryland, ìwé ẹ̀rí yunifásítì sì ní orúkọ àárín tí mi ò lò mọ́ láti ìgbà tí mo ti dé Amẹ́ríkà. Ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ́fíìsì kò mọ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn. Tún un ṣe lọ́dọ̀ CDR kí o tó kọ fọ́ọ̀mù, kí gbogbo rẹ̀ bá káàdì ìdánimọ̀ rẹ mu. Ìwé ìgbéyàwó ni wọ́n á béèrè. Ti Ìkòyí dára, èdè òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, o ò nílò ẹni tó máa túmọ̀ ẹ̀. Àmọ́ bó bá jẹ́ ìdána nìkan lẹ ṣe, tí ẹ ò dé kọ́ọ̀tù, ẹ tètè wá nǹkan ṣe sí i.

Èyí tó tún ń jẹ àkókò ni lẹ́tà ìjẹ́rìí. Púpọ̀ nínú àwọn ìpínlẹ̀ ló máa ń fẹ́ kí gbogbo ibi tí o ti gba láísẹ́ǹsì rí jẹ́rìí sí ọ, títí kan èyí tó ti kú, kí ọ́fíìsì sì fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì. Wọn ò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ. Kí n tó dé Maryland, mo ti ní láísẹ́ǹsì ní ìpínlẹ̀ kan tí mi ò ní dárúkọ. Àwọn yẹn ni wọ́n fi mí ṣeré. Mo fi í-meèlì ránṣẹ́, wọ́n ní kí n pè. Mo pè, wọ́n ní kí n fi í-meèlì ránṣẹ́. Ìgbà tí mo rí ẹnì kan bá sọ̀rọ̀ tó fún mi ní nọ́ńbà ìsanwó, tí mo sì ń fi nọ́ńbà yẹn lé wọn kiri, ni lẹ́tà tó jáde. Èyí ni kí o kọ́kọ́ béèrè fún, kí ó máa rìn nígbà tí o bá ń ṣe ìyókù.

Ní ti Texas fúnra rẹ̀, TDLR, ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ náà tó ń fúnni ní láísẹ́ǹsì iṣẹ́, ní Austin ló wà nídìí ẹ̀ láti 2016. Ìdánwò kékeré kan wà lórí òfin wọn, ilé rẹ lo ti máa ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò le, ṣùgbọ́n kà á.

Ṣé o lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ṣáájú? Òfin ò dọ́gba. Maryland kì í gbà kí o ṣe iṣẹ́ dietitian láìní láísẹ́ǹsì. Ní Texas, orúkọ oyè ni òfin ń dáàbò bò: o ò gbọdọ̀ pe ara rẹ ní Licensed Dietitian bí o ò bá ní in. California ò tilẹ̀ ní láísẹ́ǹsì, orúkọ náà ni wọ́n ń ṣọ́. Ìyẹn wà lórí ìwé o. Àwọn HR tí mo bá pàdé ní Houston, nọ́ńbà láísẹ́ǹsì Texas ni wọ́n ń béèrè kí wọ́n tó dá ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Má fi iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ sílẹ̀ nítorí ìlérí ẹnu.

Tó bá jẹ́ ilé ìtọ́jú kíndìnrín ni ìwọ náà ń lọ, òfin ìjọba àpapọ̀ fẹ́ kí o ti lo ó kéré tán ọdún kan nídìí iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn lẹ́yìn tí o gba RD. Gba lẹ́tà lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ nígbà tí ẹ ṣì ń rí ara yín lójú: ọjọ́ tí o bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí o parí, kí ó kọ RD síbẹ̀, kí ó buwọ́ lù ú. Ọ̀gá a máa lọ síbòmíì, ẹni tuntun ò sì mọ̀ ọ́.

Àwọn kan á sọ fún ọ pé compact, àdéhùn láàárín àwọn ìpínlẹ̀ kí dietitian ibì kan lè ṣiṣẹ́ níbòmíì, ti dé. Òótọ́ ni, Alabama, Nebraska àti Tennessee wà lára àwọn tó kọ́kọ́ sọ ọ́ di òfin, ní 2024. Ṣùgbọ́n àwọn ìpínlẹ̀ tó bá wọ̀ ọ́ nìkan ló wà fún, ẹni tó sì ń tọ́jú èèyàn ní ìpínlẹ̀ míì láti ilé rẹ̀ ló máa ràn lọ́wọ́ jù. Ìwọ tó ń kó lọ pátápátá, láísẹ́ǹsì ibi tí ò ń lọ ni kó o wá.

Bí ẹ bá ti dé Houston, yí àdírẹ́sì NPI rẹ, nọ́ńbà tí ìjọba àpapọ̀ fi ń dá àwọn òṣìṣẹ́ ìlera mọ̀, padà kí 30 ọjọ́ tó pé. Má sì tíì jẹ́ kí ti Maryland kú. Ibi tí aláìsàn jókòó sí ni òfin ń wò, kì í ṣe ibi tí ìwọ wà. Àwọn ìyá wa kan wà ní Maryland tí wọ́n fẹ́ dietitian tó mọ ohun tí àmàlà jẹ́, tí kò ní kàn sọ pé kí wọ́n má jẹ iṣu mọ́. Fídíò la fi ń ríra, torí ẹ̀ ni mo ṣe ń san owó Maryland lọ. Ọ̀kan nínú wọn pè mí láti ilé ọmọ ẹ̀ ní ìpínlẹ̀ tí mi ò ti ní láísẹ́ǹsì, ó ní kí n sáà bá òun wo èsì potassium òun. Mo ní, "Mọ́mì, ẹ fún dókítà yín ní èsì yẹn lónìí. Tẹ́ ẹ bá ti padà dé Maryland, ẹ pè mí."