Síìmù wo ni kí ọmọ tó ń lọ gbé Apẹ̀tẹ̀ fi sínú tábúlẹ́ẹ̀tì?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìnáwó ọmọ o. Ẹ ní ẹ ti ra tábúlẹ́ẹ̀tì fún ọmọ yín obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sí Pólì Ìbàdàn, Apẹ̀tẹ̀ ló máa gbé, ẹ wá ń béèrè nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó dára jù fún dátà. Mo rí i pé àwọn tó ti dáhùn ti ń bá ara wọn fà á. Ẹnì kan ní MTN, ẹlòmíràn ní Airtel, ẹnì kan tún ń búra pé kò sí èyí tó tó Glo. Kò sí ẹni tó parọ́ nínú wọn. Yàrá tí kálukú ń sùn ló ń sọ.

Iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe. Mọ́kọ́lá ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, Apẹ̀tẹ̀ ni mò ń gbé, orí tábúlẹ́ẹ̀tì sì ni àwọn oníbàárà mi ti ń yan sítáì. Síìmù kan náà, ẹ̀rọ kan náà: tí mo bá wà ní Mọ́kọ́lá, fídíò á ti ṣí kí n tó gbé ìka kúrò lójú ẹ̀rọ, tí mo bá délé, á kàn máa yí po ni. Ilé iṣẹ́ tó ni síìmù kò yí padà, òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ẹ̀rọ ń gbọ́ ló yí padà. Orí òkè ni Mọ́kọ́lá, ilé tiwa wà nínú kòtò, òkè sì dá sáàárín àwa àti òpó tó yẹ kó máa gbọ́ wa. Ẹ̀yin náà mọ Ìbàdàn, bí ẹ ṣe ń gòkè lẹ ń sọ̀. Ojúlé méjì tó kọjú síra wọn lè máà rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bákan náà.

Ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ìlà mẹ́rin tó máa ń hàn lókè tàn yín jẹ. Ohun tí wọ́n ń sọ fún yín kò ju pé ẹ̀rọ yín ń gbọ́ òpó dáadáa lọ. Wọn kì í sọ iye èèyàn tó ń fa dátà lára òpó náà. Apẹ̀tẹ̀ kún fún akẹ́kọ̀ọ́, tó bá sì ti di aago mẹ́jọ alẹ́, gbogbo wọn ti wọ íntánẹ́ẹ̀tì, bí ìgbà tí gbogbo àdúgbò bá gbé garawa sídìí ẹnu ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo. Ìlà á pé mẹ́rin, ojú ìwé kan ò sì ní ṣí.

Nítorí náà, ohun tí mo máa ń sọ fún ẹni tó bá bi mí ni pé kó yá síìmù lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò kó tó ra tiẹ̀. Nígbà tí mo kó dé ilé tí mo wà yìí, mo yá mẹ́ta, onínẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Yẹtí ìyá ọlọ́mọ tó wà ní yàrá kejì la fi ṣí ojú síìmù. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì níbi tí mo ti máa ń lò ó, mo ṣí fídíò kan náà lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo tún lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo tún jáde sí kọ́rídọ̀. Èyí tí ìlà rẹ̀ kún jù ló kọ́kọ́ dúró. Èyí tó ní ìlà méjì péré ló gbé fídíò náà dópin láìsinmi. N ò ní dárúkọ ìkankan nínú wọn, torí ní òpópónà kejì sí wa, òdìkejì pátápátá lè jẹ́. Alẹ́ ni kí ẹ dán an wò, kì í ṣe ọ̀sán tí àwọn ọmọ wà ní kíláàsì. Tí iná bá lọ lọ́jọ́ náà, ó tún dára bẹ́ẹ̀: bátìrì àti jẹnẹrétọ̀ ló ń gbé òpó ró tí iná bá lọ, àwọn òpó kan sì wà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn máa ń bá iná lọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ti pẹ́ nínú ilé náà, wọ́n á sọ fún yín láìfi bò.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí tábúlẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, torí ẹ ò sọ irú èyí tó jẹ́. Ẹ yí páálí rẹ̀ wò. Tó bá jẹ́ Wi-Fi nìkan ni wọ́n kọ síbẹ̀, tí ẹ ò rí LTE, Cellular tàbí 5G, a jẹ́ pé kò ní ojú síìmù, ìbéèrè yín sì ti di ti MiFi nìyẹn, ẹ̀rọ kékeré tó ń gba síìmù tó sì ń pín Wi-Fi, tàbí kí ọmọ máa ṣí hotspot láti orí fóònù rẹ̀. Ní Queen Cinema, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀rọ n'Ìbàdàn, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n máa ń to oní-Wi-Fi nìkan àti olójú síìmù sí, wọ́n jọra lójú, owó wọn ló yàtọ̀. Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, ẹ rí i dájú pé wọ́n ti ṣí i, torí àwọn ilé iṣẹ́ ibẹ̀ máa ń ti ẹ̀rọ mọ́ síìmù tiwọn. Àwọn iPad tuntun kan, bí iPad Pro ọdún 2024, kò tiẹ̀ gba síìmù tí ọwọ́ ń mú mọ́, eSIM nìkan ni, ìyẹn síìmù tó ti wà nínú ẹ̀rọ látilẹ̀, tí wọ́n kàn máa ń ṣí. MTN àti Airtel ń ṣe ìyẹn ní ọ́fíìsì wọn.

Ohun tí kì í sábà sí lẹ́nu àwọn tó ń ta síìmù ni pé ọ̀pọ̀ tábúlẹ́ẹ̀tì ò ní ibi tí èèyàn ti ń tẹ nọ́ńbà. iPad ò ní in rárá. Láti 2023 ni NCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso àwọn ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ti sọ kóòdù gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì di ọ̀kan: *312# láti ra dátà, *323# láti wo dátà tó kù, *310# láti wo owó. Ó dára, àmọ́ níbo lọmọ á ti tẹ̀ ẹ́? Inú fóònù ni kí ẹ kọ́kọ́ ki síìmù náà bọ̀. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹ gbé áàpù nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà sórí tábúlẹ́ẹ̀tì, kí nọ́ńbà ìdánilójú tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ wọlé sórí fóònù, kí ẹ fi wọlé sínú áàpù, kí ẹ tó wá yọ síìmù síbi tó máa gbé. Ẹ kọ nọ́ńbà síìmù sẹ́yìn páálí. Kò sẹ́ni tó máa ń rántí nọ́ńbà tí wọn kì í fi pè é, ọjọ́ tí ẹ bá sì fẹ́ ra dátà fún un láti orí áàpù báńkì yín lẹ máa wá a.

Tó bá ti pé ọdún 18, orúkọ rẹ̀ àti NIN rẹ̀ ni kí ẹ fi ṣe síìmù náà, kì í ṣe tiyín. Tó bá sọ nù, ẹni tó ni NIN ni wọ́n máa ní kó wá gba òmíràn, ẹ̀yin lẹ sì máa fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ tò. Síìmù tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ tí wọ́n ń tà lábẹ́ agboòrùn, ẹ má wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Owó wá ńkọ́? Láti ìgbà tí NCC ti gbà wọ́n láyè ní oṣù kìíní 2025 láti fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn, kò sí èyí tí mo lè pè ní olówó pọ́ọ́kú mọ́. Tábúlẹ́ẹ̀tì sì máa ń jẹ dátà ju fóònù lọ, torí ojú rẹ̀ fẹ̀, fídíò tó mọ́ kedere ló máa ń fà wá fúnra rẹ̀. Ẹ ní kó fi YouTube sí 480p, kí àwòrán má mọ́ jù, kó ti ìmúdójúìwọ̀n áàpù mọ́ Wi-Fi nìkan. Ẹ̀rọ tuntun á fẹ́ gba nǹkan rẹpẹtẹ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ gbé e lọ síbi tí Wi-Fi wà kí ẹ tó fi síìmù sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, dátà oṣù kan lè má rí ọjọ́ kejì. Ti ọ̀sẹ̀ kan ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, kó fi mọ bí òpó ibẹ̀ ṣe rí. Kó má sì fi owó káàdì sílẹ̀ lórí síìmù náà, torí tí dátà bá tán láìmọ̀, orí owó yẹn ló máa bọ́ sí. Àwọn tó ń ta dátà ẹ̀dínwó lórí WhatsApp, mo ń rà lọ́wọ́ wọn. Owó mi há sọ́wọ́ ọ̀kan rí, mi ò sì jẹ́ kí ti oṣù kan pọ̀ lọ́wọ́ wọn mọ́.

5G? MTN bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2022, Ìbàdàn sì wà nínú àwọn ìlú àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ìgbì 3500 MHz tó ń lò kì í fẹ́ gba inú ògiri kọjá bíi 800 MHz tí 4G kan ń lò. Ẹ má torí ẹ̀ fi owó kún owó ní Apẹ̀tẹ̀.

Tí ẹ bá ní kí n ṣáà mú ibi tí ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀, MTN àti Airtel ni kí ẹ kọ́kọ́ yá wò, kí ẹ wo Glo tí òpó rẹ̀ bá sún mọ́ ilé náà. T2, tó jẹ́ 9mobile títí di 2025, mi ò tíì lò ó ní Apẹ̀tẹ̀, ẹni tó bá ń lò ó kó sọ̀rọ̀. Bí ọmọ bá ti gba ilé, ẹ kọ ibi tó wà síbí, bóyá apá Awótan ni tàbí ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ afárá. Tó bá sún mọ́ wa, mo lè kó síìmù méjì tí mo ní wá lálẹ́ ọjọ́ kan, ká jọ dán an wò.