Ta la máa dì mú tówó bá há?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè bóyá àìmọ̀wé ló ń mú káwọn ìyá wa lọ́jà máa sá fún tiransifáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìyẹn bú wọn. Ìdí POS ni mo ti ń jẹun ní Tàkíé, l'Ógbòmọ̀ṣọ́ níbí. Ẹ̀rọ kọ́ ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Ta ni wọ́n máa dì mú tówó bá há?

Akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Under G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níbí, ra èlùbọ́ lọ́wọ́ màmá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó na fóònù sí wọn: "Ẹ wò ó, màmá, ó ti lọ." Màmá fọwọ́ di ẹnu ọ̀rá èlùbọ́ náà mú pinpin. "Ọmọ mi, fóònù tìẹ ló sọ bẹ́ẹ̀. Tèmi ò tíì sọ nǹkan kan." Àìmọ̀wé wo ló wà nínú ìyẹn, pẹ̀lú ayédèrú aláàtì tó kún ìgboro? Mo bá wọn tẹ bálánsì wò lórí fóònù tọ́ọ̀ṣì wọn, owó ti wọlé. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló há aláàtì mọ́lẹ̀. (Ọmọ náà ti fajú ro.)

Níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, tí CBN, báǹkì àpapọ̀ Nàìjíríà, ń pààrọ̀ owó 200, 500 àti 1,000 náírà, tí owó pòórá nígboro, kò sẹ́ni tí kò gba tiransifáà tipátipá. Ìgbà yẹn gan-an ló bà á jẹ́. Wọ́n á yọ owó lọ́wọ́ ẹni tó ń fi ránṣẹ́, kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń retí ẹ̀. Owó oníbàárà mi kan há bẹ́ẹ̀, kò tiẹ̀ yà sí báǹkì, ọ̀dọ̀ mi ló gbà wá tààrà, torí ó mọ agbo ilé wa. Mo san án lápò ara mi, báǹkì ṣì ń ní ká máa ní sùúrù. Nígbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá owó àtijọ́ padà lóṣù kẹta, ṣe làwọn ọlọ́jà rọ́ padà sídìí owó ọwọ́.

Ti eNaira, owó orí ẹ̀rọ tíjọba gbé jáde lọ́dún 2021, ńkọ́? N ò gbọ́ ọ lẹ́nu oníbàárà kankan rí.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí màmá yín máa gba tiransifáà, nọ́ńbà tiwọn ni kẹ́ ẹ fi ṣí àkáǹtì, ẹ má lo tẹ̀gbọ́n yín tó wà l'Ékòó. Ẹ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń tẹ bálánsì fúnra wọn. Tówó bá sì há, ẹ gba rìsíìtì lọ́wọ́ ẹni tó fi ránṣẹ́. Nọ́ńbà gbọọrọ tí wọ́n ń pè ní session ID wà níbẹ̀, òun ni báǹkì máa fi wá a.