Èsì: Ètò ìgbà ìsinmi ní Yale fún ọmọ yín

Ẹ kú ìbéèrè, Mà. Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ yín tó wà ní SS2 ní Ìkẹ́rẹ́ lè kópa nínú ètò ẹ̀kọ́ nípa àjọṣe láàárín àwọn orílẹ̀-èdè àti ìdarí, àti bóyá ẹ ó lè san owó rẹ̀. Ó lè kópa bí ó bá ti pé ọmọ ọdún 16. Èyí tí mo mọ̀ jù ni Yale Young Global Scholars, tí Yunifásítì Yale ń ṣe fún ọ̀sẹ̀ méjì ní New Haven, ní Amẹ́ríkà, níbi tí ẹ̀ka kan ti dá lórí òṣèlú, òfin àti ọrọ̀ ajé. Owó rẹ̀ wọ́n gan-an, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń ran àwọn tí agbára òbí wọn kò ká a lọ́wọ́, bí wọ́n bá bèèrè fún un.

Nínú ohun tí ẹ ó fi béèrè fún ètò náà, àròkọ ni kí ẹ múra sí jù. Mo rọ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíràn bá a kọ ọ́. Ó lè kọ nípa bí Mali, Burkina Faso àti Niger ṣe kúrò nínú ECOWAS ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, àjọ ọrọ̀ ajé àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé ìdásílẹ̀ rẹ̀ ní Èkó ní 1975, kí ó sì wádìí ohun tí ìkúrò wọn lè ṣe sí owó ẹ̀wà ní ọjà Adó-Èkìtì, nítorí pé ẹ̀wà ń ti Niger wọlé sí Nàìjíríà.

Ẹ tètè ṣe páásípọ́ọ̀tù rẹ̀, kí ẹ sì fi tó ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ létí, torí pé ètò náà lè forí gbárí pẹ̀lú ìdánwò táàmù kẹta.