Ìgbátí Tó Ṣáájú Àmín

Ìyá Ìbejì kọ̀wé láti Ìbàdàn pé aago márùn-ún ìdájí ni àwọn máa ń ṣe àdúrà ìdílé. Bàbá ọmọ ń wàásù, ọmọ ọwọ́ ń ké, àwọn ìbejì ń tòògbé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Táíwò sùn lọ, Ìyá Ìbejì gbá a létí, òun kan náà sì ní "Àmín" lójú ẹsẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí ìyá yìí bá ti wọ aṣọ kwáyà, ṣe ló ń rí ara rẹ̀ bí alábòsí. Ó ní: "Màmá, ṣé ìwà mímọ́ lè gbé irú ilé yìí?"

Ọmọ mi, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí. Èmi tiẹ̀ máa ń lajú sílẹ̀ níbi àdúrà ni, tí mò ń ka àwọn tó ń tòògbé.

Ṣí Deutarónómì 6:7. Ọlọ́run ní kí á kọ́ ọmọ lọ́rọ̀ Rẹ̀ bí a bá jókòó nílé, bí a bá ń rìn lọ́nà, bí a bá dùbúlẹ̀, bí a bá dìde. Kò dárúkọ aago márùn-ún. Ibi tí o ti ń di irun Kẹ́hìndé wà níbẹ̀. Jésù pàápàá, lẹ́yìn àjíǹde, ẹja ló sun de àwọn ọmọ ẹ̀yìn Rẹ̀ létí òkun, tó ní kí wọ́n wá jẹun àárọ̀. Ọwọ́ tí wọ́n kan ìṣó mọ́ ló ń ṣọ́ ẹja lórí ẹ̀yín iná!

Susanna Wesley, ìyá John tó dá ìjọ Mẹ́tọ́díìsì sílẹ̀, bí ọmọ 19. Nǹkan bí ìdajì wọn kú ní kékeré. Ó pín alẹ́ ọ̀sẹ̀ fún àwọn tó kù, kó lè bá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sọ̀rọ̀ lóun nìkan, Ọjọ́bọ̀ sì ni ti John. John ti di olùkọ́ ní Yunifásítì Oxford kó tó kọ̀wé pé kí ìyá òun tún fún òun ní díẹ̀ nínú Ọjọ́bọ̀ yẹn.

Kí Bàbá Ìbejì dín ìwàásù kù: orin kan, ẹsẹ kan, àdúrà ṣókí, kó wá fi àkókò tó kù wẹ ọmọ. (Bó bá ní iṣẹ́ obìnrin nìyẹn, ní kó kọ̀wé sí mi.)

Ìwọ ní tìẹ, bẹ Táíwò. Mo mọ̀ pé wọn ò tọ́ wa bẹ́ẹ̀. Òbí kì í bẹ ọmọ nílé wa. Bẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, má sì fi "ṣùgbọ́n ìwọ náà" kún un. Pè é lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ kó wá bá ọ ṣa ẹ̀wà, ẹ̀yin méjì péré. Má fi Bíbélì bẹ̀rẹ̀. Kọ́kọ́ bi í bóyá etí ṣì ń dùn ún.