Igbó Ti Dúró, Àárẹ̀ Kò Tíì Lọ: Ìbéèrè Yín àti Ìdáhùn Wa

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọlọ́kadà ni mí ní Iléṣà, ọmọ ọdún 34 ni mí. Ọdún 12 ni mo fi mu igbó, tàárọ̀ tirọ̀lẹ́. Ó pé ọjọ́ 19 lónìí tí mo ti jáwọ́. Láti ìgbà yẹn, bí mo bá sùn, òógùn á rin bẹ́ẹ̀dì gbingbin, àlá burúkú á máa gun ara wọn lẹ́yìn. Tó bá máa fi di ọ̀sán, ojú mi á ti máa pa dé lórí ọ̀kadà. Mo ti lo oògùn ibà lẹ́ẹ̀mejì, pàbó ló já sí. Àbí igbó yẹn ló ń gbé mi ró látọjọ́ yìí?

Ìdáhùn: Igbó kọ́ ló ń gbé yín ró. Oorun tí ẹ rò pé ẹ ń sùn lóru ni kò pé.

Igbó máa ń jẹ́ kí oorun tètè kun èèyàn, ṣùgbọ́n ó máa ń dín oorun alálàá kù, ìyẹn apá oorun tí ẹyinjú máa ń yí kiri lábẹ́ ìpéǹpéjú. Tí ẹ bá jáwọ́, ọpọlọ á bẹ̀rẹ̀ sí í gba gbèsè yẹn padà. Àlá á pọ̀, á le, á máa jí yín. Ẹ lè fi wákàtí 8 dùbúlẹ̀ kí ẹ má sùn ju 5 lọ, kí ẹ má sì mọ̀. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn ibi kan wà nínú ọpọlọ tí THC, èròjà inú igbó tó máa ń pani bí ọtí, máa ń bà lé. Bó bá ń bà lé wọn lójoojúmọ́, ọpọlọ á dín wọn kù. Bí ọjọ́ méjì lẹ́yìn tí èèyàn bá jáwọ́ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í padà, ó sì máa ń tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4 kí wọ́n tó súnmọ́ bíi ti ẹni tí kò mu ún rí. Ẹ́ńjìnì tí wọ́n tú palẹ̀ tí wọn ò tíì tò tán ni ara yín báyìí.

Láàárín ọjọ́ 1 sí 3 ni ìnira yìí máa ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló máa ń le jù, ọ̀pọ̀ rẹ̀ á sì ti rọlẹ̀ tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì. Oorun àti àlá nìkan ló máa ń pẹ́. Wọ́n lè kọjá ọjọ́ 30. Nítorí náà, ọjọ́ 19 yín kò tíì ju bó ṣe yẹ lọ.

Ojú tó ń pa dé lórí ọ̀kadà ló bà wá lẹ́rù jù nínú lẹ́tà yín. Fún ọ̀sẹ̀ 2 sí i, ẹ ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ di aago 11, kí ẹ sinmi, kí ẹ tún jáde lẹ́yìn aago 3. Ẹ má gbé èrò gba títì Ifẹ̀ sí Iléṣà lọ́sàn-án rárá. Títì tó gùn tó tẹ́jú ni oorun fi ń gbé awakọ̀ lọ, ju àárín ìlú tí ẹ ti ń yà fún kòtò lọ. Bí ojú bá pa dé lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ wá abẹ́ igi, ẹ fi aago fóònù sí ìṣẹ́jú 20. Bí ẹ bá sùn ju 30 lọ, ẹ ó jí pẹ̀lú orí wúwo, ẹ ó sì ti jẹ nínú oorun alẹ́. Lẹ́yìn aago 3, ẹ má sùn mọ́.

Ní ti alẹ́, aago ìjí ni kí ẹ dì mú, kì í ṣe aago ìsùn. Ẹ jí ní 5:30 lójoojúmọ́, tó fi mọ́ ọjọ́ Àìkú, bó ti wù kí òru burú tó. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ẹ rìn síta nínú ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ fún ìṣẹ́jú 20 sí 30. Ìmọ́lẹ̀ yẹn ló ń sọ fún ọpọlọ ìgbà tí ilẹ̀ yóò ṣú. Ẹ tẹ́ aṣọ òwú méjì lé bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ lè fa èyí tó tutù yọ láìdìde tan iná. Omi tó ń bá òógùn lọ, ẹ dá a padà: píọ̀ wọ́tà 50 cl márùn-ún lójúmọ́, kí èyí tó gbẹ̀yìn má kọjá aago 8 alẹ́, kí ìtọ̀ má tún jí yín.

Obì tí àwọn ọlọ́kadà ń jẹ kí ojú lè là, káfíìnì ló wà nínú rẹ̀, bíi ti kọfí. Kò léèwọ̀ láàárọ̀. Àmọ́ èyí tí ẹ bá jẹ lẹ́yìn aago 12 ọ̀sán ni ẹ ó bá pàdé lórí bẹ́ẹ̀dì.

Oògùn ibà tí ẹ lò lẹ́ẹ̀mejì yẹn, ṣé wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò kí ẹ tó gbé e mì? Jíjáwọ́ nínú igbó lè mú òógùn, òtútù, orí fífọ́, kódà kí ara gbóná díẹ̀. Ọwọ́ tí a fi kan iwájú orí kò lè ya òun àti ibà sọ́tọ̀. Àyẹ̀wò tí wọ́n ń gún ìka fún kì í gbà ju ìṣẹ́jú 20 lọ. Bí ọ̀sẹ̀ 6 bá kọjá tí àárẹ̀ ṣì wà bẹ́ẹ̀, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, kí wọ́n yẹ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀, ṣúgà àti táírọ́ọ̀dù (ẹ̀yà ara inú ọrùn tó ń darí agbára ara) wò, nítorí ó lè jẹ́ ohun mìíràn ni igbó ti ń bò mọ́lẹ̀.

Ìbéèrè: Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n máa mu àgbo inú ògógóró kí ó lè fọ igbó kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, pé ìyẹn ló ń fa àárẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Irọ́ ni. Inú ọ̀rá ara ni THC ń sá pamọ́ sí, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń jáde, ìgbẹ́ ló ń bá lọ jù, ìtọ̀ ló tẹ̀ lé e. Àgbo kò lè lé e sáré. Ìgbẹ́ gbuuru tí àgbo yẹn yóò fà á gbé omi àti iyọ̀ ara lọ, àárẹ̀ á di méjì. Ògógóró inú rẹ̀ á mú yín sùn, á sì jí yín ní aago 2 òru.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mo wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì níbí ní Ifẹ̀. Ó di ọjọ́ 9 tí mo ti pa igbó tì, ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ 3. Ẹ́nájì dírínkì mẹ́ta ni mò ń mu lójúmọ́ kí n lè kàwé, àmọ́ àyà mi ń lù kì-kì-kì, mi ò sì rí oorun sùn. Tẹ́lẹ̀, mẹ́ta kì í ṣe mí ní nǹkan kan.

Ìdáhùn: Àbúrò, ohun tó yí padà ni èéfín. Èéfín máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ tètè fọ́ káfíìnì túútúú, pàápàá bí o bá ń po tábà mọ́ igbó. Nígbà tí èéfín dúró, agolo kan náà á pẹ́ nínú ara ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Agolo 250 ml sábà máa ń ní nǹkan bíi 80 mg káfíìnì, ike ńlá 500 ml sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì rẹ̀. Mẹ́ta irú ike ńlá bẹ́ẹ̀ ti kọjá ìwọ̀n 400 mg tí kò yẹ kí àgbà tó lálàáfíà kọjá lójúmọ́. Ó máa ń gba nǹkan bíi wákàtí 5 kí ìdajì rẹ̀ tó lọ. Èyí tí o mu ní aago 5 ìrọ̀lẹ́, ìdajì rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ ní aago 10.

Má dá a dúró lójijì o, orí á fọ́ ọ. Dín ẹyọ kan kù ní gbogbo ọjọ́ 3, títí yóò fi ku ẹyọ kan ṣáájú ọ̀sán. Kàwé fún ìṣẹ́jú 30, dìde fún 5. Ọpọlọ rẹ kò tíì lè gbé wákàtí 3 lẹ́ẹ̀kan. Iṣẹ́ tó le jù ni kí o fi sí àárọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá na tírámádọ́ọ̀lù sí ọ pé ó ń lé àárẹ̀, yẹra: ó lè fa gìrì, kò sì rọrùn láti fi sílẹ̀. Yẹra fún oògùn oorun tí wọ́n ń tà láìsí ìwé dókítà náà.

Ìbéèrè: Modákẹ́kẹ́ ni mò ń gbé. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 26, ti jáwọ́ nínú igbó, ó di ọ̀sẹ̀ 3. Ó máa ń bá bàbá rẹ̀ lọ sóko kòkó tẹ́lẹ̀, ní báyìí ó kàn ń sùn ṣáá ni, kò sì fẹ́ jẹun. Ará àdúgbò ní ayé ló dì í mọ́lẹ̀, kí n gbé e lọ gba ààwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ 7.

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ máa gbàdúrà, àwa náà ń bá yín ṣe àmín. Àmọ́ kí òun má gba ààwẹ̀. Ẹni tí kò jẹun tó, tí ó ń làágùn lóru, bí wọ́n bá tún gba omi lẹ́nu rẹ̀, ó lè dákú.

Ẹ má retí kí ó jókòó ti àwo iyán. Ẹ̀kọ gbígbóná pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín kan láàárọ̀, ẹyin méjì tàbí ẹja lọ́sàn-án, ọbẹ̀ tí kò ta púpọ̀ lálẹ́, kí ẹ̀pà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà nítòsí rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ní wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta. Ebi á padà. Òun ló sábà máa ń ṣáájú oorun padà.

Oko náà, kí ó máa lọ, ṣùgbọ́n fún wákàtí kan ní òwúrọ̀, níbi iṣẹ́ ìjókòó bíi yíyọ hóró kòkó nínú èso rẹ̀ tí ẹlòmíràn ti là. Kò gbọdọ̀ gun igi, kò gbọdọ̀ fín oògùn kòkòrò, kò gbọdọ̀ mú àdá ní àsìkò yìí. Ẹ fi ìdajì wákàtí kún un ní ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin. Ẹni tó bá ń pè é ní ọ̀lẹ, kí ẹ pa á lẹ́nu mọ́. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń lé wọn padà sídìí igbó.

Oorun tó ju bó ṣe yẹ lọ lè jẹ́ ìbànújẹ́ ọkàn tó ti di àìsàn. Ẹ wò ó bóyá bọ́ọ̀lù tí ó fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ ṣì wù ú, bóyá ó ṣì ń dá àwọn ọ̀rẹ́ lóhùn. Bí kò bá sí ìkankan fún ọ̀sẹ̀ 2, ẹ mú un lọ sí ẹ̀ka ìlera ọpọlọ ní ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Ifẹ̀. Bó bá ní ayé sú òun, tàbí ó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀ nínú yàrá. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé: ọjọ́ tó jáwọ́, ìwọ̀n tó ń mu lójúmọ́, ọdún tó ti wà lẹ́nu rẹ̀, àti gbogbo oògùn tàbí àgbo tó ti lò látìgbà náà. Ìbéèrè tí dókítà yóò kọ́kọ́ bi yín nìyẹn.