Báwo Ni Mo Ṣe Lè Mọ Iye Irin Tí Òpó, Dẹ́kì àti Ìpìlẹ̀ Yóò Gbà?

Ìbéèrè: Ẹni tó ń tẹ irin ní kí n ra tọ́ọ̀nù kan àti ààbọ̀ fún ilé tí mo ń kọ́. Nígbà tí mo bi í bó ṣe ṣírò rẹ̀, ó ní iṣẹ́ ti mọ́ òun lójú. Ǹjẹ́ ọ̀nà wà tí mo lè gbà ṣírò rẹ̀ fúnra mi?

Ìdáhùn: Ọ̀nà wà. Bí irin yóò ṣe nípọn tó àti bí ọ̀kan yóò ṣe jìnnà sí èkejì, ẹnjiníà ló ń pinnu ìyẹn, inú àwòrán rẹ̀ ni ẹ ó sì ti rí i. Iye ọ̀pá tí ẹ ó rà ni ẹ lè ṣírò fúnra yín. Àpẹẹrẹ lásán sì ni àwọn nọ́ńbà tí mo lò níbí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ìwọ̀n irin. Ẹ fi ìnípọn rẹ̀ ní mìlímítà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ sì fi 162 pín in; iye kílò tó wà nínú mítà kan nìyẹn. Irin 12, ìyẹn irin tó nípọn ní mìlímítà 12, yóò jẹ́ 0.89, irin 16 yóò jẹ́ 1.58.

Ká ní dẹ́kì kan gùn ní mítà 5, ó fẹ̀ ní mítà 4, irin 12 ni wọn yóò tẹ́ sí i ní ìbú àti òòró, tí ọ̀kan fi mìlímítà 200 jìnnà sí èkejì. Ẹ yọ mìlímítà 25 ní etí kọ̀ọ̀kan, torí kọnkéré gbọ́dọ̀ bo orí irin kí ìpẹtà má baà mú un. Ó ku mítà 3.95 ní ìbú. Ẹ fi 0.2 pín in, ẹ sún èsì rẹ̀ sókè di 20, kí ẹ fi 1 kún un, torí irin àkọ́kọ́ kò sí nínú iye àlàfo. Irin 21 ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní mítà 4.95. Lọ́nà kejì, irin 26 ni, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 3.95. Àpapọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 207.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà: wọ́n á fi mítà 12 tí í ṣe gígùn ọ̀pá kan pín 207, wọ́n á ní ọ̀pá 18 ti tó. Kò tó. Ọ̀pá kan kò lè mú ju 4.95 méjì jáde, nítorí náà irin 21 yẹn yóò gba ọ̀pá 11; irin onímítà 3.95 mẹ́ta ló ń jáde lára ọ̀pá kan, nítorí náà 26 yóò gba ọ̀pá 9. Ogún ni ẹ ó rà.

Ìpìlẹ̀ òpó tó jẹ́ mítà 1.2 níhà gbogbo, pẹ̀lú irin 12 tó fi mìlímítà 150 jìnnà síra, yóò gba irin 9 lọ́nà kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn tí a bá ti yọ mìlímítà 50 létí. Bí a bá tẹ orí méjèèjì sókè, irin kọ̀ọ̀kan yóò tó mítà 1.4. Àjẹkù onímítà 2.1 tó ṣẹ́ kù lára irin dẹ́kì lè ṣe mẹ́wàá nínú irin 18 yẹn, bí ẹ bá ti kọ ìwé gígé irin sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ní ti òpó, gíga rẹ̀ nìkan kọ́ ni ẹ ó kà. Irin 16 tó ga ní mítà 3 tún nílò mìlímítà 300 tí yóò wọ inú ìpìlẹ̀, 300 tí a ó tẹ̀ nísàlẹ̀, àti nǹkan bí 800 tí irin òkè yóò fi bá a pàdé. Mítà 4.4 ni, mẹ́rin rẹ̀ fún òpó kan yóò gba ọ̀pá méjì. Ẹ ka ríńgì náà, ìyẹn irin tí wọ́n tẹ̀ yí irin òpó ká: bí wọ́n bá fi mìlímítà 150 jìnnà síra, 21 ni.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé ọ̀pá irin 12 kan sórí òṣùwọ̀n. Ó yẹ kó wọn nǹkan bí kílò 10.7. Bó bá jẹ́ kílò 9, irin 11 ni wọ́n ń tà fún yín, gbogbo ìṣirò ẹnjiníà lórí dẹ́kì yẹn kò sì bá a mu mọ́.