Láti Èkó dé New York, wákàtí mélòó ni gan-an?

Ìbéèrè: Ọmọ mi bímọ ní New York, mo sì fẹ́ lọ bá a wẹ ọmọ. Bàálù tí mo máa wọ̀ ò ní yà níbì kankan. Nínú oṣù Keje, a ó gbéra n'Íkẹjà ní aago 11 alẹ́, a ó balẹ̀ ní aago 5 ìdájí. Àbọ̀ di oṣù Kejìlá: aago 4 ìrọ̀lẹ́ la ó gbéra, a ó dé Èkó ní aago 8 àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ṣé wákàtí 6 ni àlọ, kí àbọ̀ wá jẹ́ 16?

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu ọmọ, Màmá. Ọlọ́run á wò ó.

Rárá o, àlọ ló tilẹ̀ pẹ́ jù. Aago ìlú tí ẹ ti ń gbéra ni wọ́n fi ń kọ àsìkò ìgbéra, aago ìlú tí ẹ ń lọ ni wọ́n sì fi ń kọ ti ìbalẹ̀. Àwa tá à ń ta tíkẹ́ẹ̀tì máa ń kọ́kọ́ sọ méjèèjì di aago Èkó ni. Nínú oṣù Keje, Èkó fi wákàtí 5 ṣíwájú New York. Aago 5 ìdájí lọ́hùn-ún, aago 10 àárọ̀ ni nílé: wákàtí 11 ni ẹ lò. Ní oṣù Kejìlá, Amẹ́ríkà á ti dá aago wọn padà sẹ́yìn ní wákàtí 1. Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù Kọkànlá ni wọ́n máa ń ṣe é, àwa kì í sì í sún tiwa. Wákàtí 6 la ó wá fi ṣíwájú wọn. Aago 4 ìrọ̀lẹ́ wọn á bọ́ sí aago 10 alẹ́ wa, ká tó dé aago 8 àárọ̀, wákàtí 10 péré ni.

Afẹ́fẹ́ ló mú àlọ pẹ́ ju àbọ̀. Nǹkan bí 8,440 kìlómítà ni ìrìn náà, afẹ́fẹ́ òkè lọ́hùn-ún sì sábà máa ń ti ìwọ̀-oòrùn fẹ́ wá sí ìlà-oòrùn. Ká ní bàálù ń sá 880 kìlómítà ní wákàtí kan: bí afẹ́fẹ́ 60 bá dojú kọ ọ́, ó di 820, bó bá ń tì í lẹ́yìn, ó di 940. Ìyẹn nìkan ti ju wákàtí 1 lọ.

Bí ẹ bá rí i nínú máàpù iwájú àga yín pé bàálù dorí kọ Burkina Faso, Mali àti Mauritania dípò kó bọ́ sójú òkun, ẹ má fòyà, kò ṣìnà. Ayé rí roboto bí ọsàn: ẹ fa òwú le lára ọsàn, ẹ ó rí i bí ọ̀nà tó yá ṣe ń tẹ̀.

Ẹ tún wo +1 kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àsìkò ìbalẹ̀. Ọjọ́ kejì ló ń sọ, ọjọ́ yẹn sì ni kí ẹ sọ fún ọmọ yín. Màmá kan tí mo ta tíkẹ́ẹ̀tì fún sọ ọjọ́ ìgbéra nìkan fún ọmọ wọn. Ọmọ ti dúró sí pápákọ̀ òfúrufú láti ìdájí, màmá ṣì wà nílé l'Èkó, wọ́n ń di ẹ̀gúsí sínú báàgì.